Oorun Ọ̀sán Bọ́ládélé

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Bọ́ládélé, ńṣe ló ń sùn. Ọdún 1993 ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Inísà, mo sì bá tíṣà kan tó gbé orí lé tábìlì, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, àwọn ọmọ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tíṣà, ṣé oorun lẹ̀ ń kọ́ wọn ni?"

Ó ta jí gìrì. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo sùn dáadáa lánàá o. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí."

Ẹ̀rín rẹ̀ dùn, ó sì kó sí mi lórí. Kí ọdún tó yí po, a ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Àwọn ẹbí rẹ̀ bá a wá sílé wa ní Òkukù. Délé dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá mi, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà bàbá mi kì í tán bọ̀rọ̀. Inú yàrá ni wọ́n ní kí n dúró sí títí wọn yóò fi pè mí. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń hanrun. Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín.

Lójijì, ìhanrun náà dá. Ilé pa rọ́rọ́, àfi ohùn bàbá mi.

Mo já síta láìdé gèlè. Èémí kò jáde nímú Délé mọ́. Mo yí i padà, mo gbá a létí, mo ń ké orúkọ rẹ̀. Ìgbà náà ló tó fa èémí wọlé, bí ẹni tí wọ́n yọ nínú odò.

"N kò ní fi ọmọ mi fún ẹni tó máa sọ ọ́ di opó," ni bàbá mi wí. "Ẹ kó ẹrù yín nílẹ̀."

Mo sá tẹ̀lé wọn. Lójú ọ̀nà, Délé ní, "Mojí mi, gbàgbé mi. Bàbá ò jẹ̀bi."

"Ìbàdàn là ń lọ," ni mo dá a lóhùn.

Dókítà tan iná sí i lẹ́nu. "Bẹ́lúbẹ́lú rẹ wú gan-an, ó ń dí ọ̀nà ọ̀fun. Tó o bá ti sùn, èémí á dá, ara rẹ á ta ọ́ jí kó o lè mí, o ò sì ní mọ̀. Báyìí lo ṣe ń ṣe é títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣé o ò ní máa tòògbé? Ẹ̀jẹ̀ rẹ gan-an ti ń ru."

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Mo ránṣẹ́ sí bàbá mi, kò fèsì.

Nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ jinná, ara Délé yá gágá. Orí tó ń fọ́ ọ láràárọ̀ dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń wálẹ̀. Tó bá jáde ní sukúù, á gun kẹ̀kẹ́ wá kí mi ní Ìkìrun, níbi tí wọ́n tún gbé mi lọ, á sì máa kọrin bọ̀ lọ́nà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan tó wá kí mi, mo ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo rí Délé lórí àga gbọọrọ. Kò hanrun. Kò mira. Mo figbe ta, mo fẹ́ lọ mì í jìgìjìgì.

Ọwọ́ kan dì mí mú. Bàbá mi ni! Àṣé ó ti ti Òkukù dé nígbà tí mo wà lẹ́yìnkùlé, ó ti jókòó tì í.

"Ó ń mí," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo ti gbé ọwọ́ síbi imú rẹ̀ wò látìgbà tí mo ti dé. Ó ń mí dáadáa."

"Bàbá, ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù ba èmi náà. Rọra, Mojíbọ́lá. Má jí ọkọ rẹ."