Ìlérí Tí Dùnsìn Fi Ẹnu Bàbá Rẹ̀ Ṣe

"Tún un kà," bàbá rẹ̀ wí láti pálọ̀.

Olúwadùnsìn dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì wọn ní Ashton, lẹ́bàá Manchester, ó ń fi ẹsẹ̀ kan gbá ìkejì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Lọ́la, ìdílé wọn ló máa ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló sì máa ka àkọ́sórí níwájú ìjọ, láti inú ìwé Jeremáyà, níbi tí Ọlọ́run ti ṣèlérí pé àwọn ènìyàn òun tí òun fọ́n ká, òun náà ni yóò kó wọn padà wálé. Bàbá rẹ̀ ló yan ibẹ̀. Nígbà tó kà á débi tí Ọlọ́run ti ní bí òun tilẹ̀ ń bá Éfúráímù ọmọ òun wí, ọkàn òun ṣì ń fà sí i, ó yọjú sí pálọ̀.

"Dádì, ṣé kí n pe Bọ̀ọ̀dá Fúnṣọ́ kí wọ́n wá gbọ́ mi lọ́la?"

"Àkọ́sórí ni mo ní kí o kà."

Fúnṣọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà òtútù ló ti pa yunifásítì tì láìsọ fẹ́nikẹ́ni. Á gbé báàgì jáde láràárọ̀ bí ẹni ń lọ kíláàsì, á wá lọ jókòó sílé Reuben ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Eccles. Nígbà tí àṣírí tú, bàbá wọn, Akíndèjì, tó ń fi òru ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nítorí àwọn ọmọ, ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ síbi tó ń jókòó sí. Fúnṣọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀bẹ̀. Bàbá kà á tán, inú tún bí i sí i. "Ṣé orí fóònù ni wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ báyìí?" Nínú ìdílé wọn, ọmọ tó bá ṣẹ bàbá á wá àgbà kan, àgbà náà á sì mú un wálé wá bẹ̀bẹ̀. Àgbà ẹbí wo wá ló wà ní Manchester tí Fúnṣọ́ lè bẹ̀? Ìjẹ̀bú ni àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá wọn wà. Mọ́mì sì ti bẹ Dádì títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Dùnsìn ò lè jókòó. Ó gun àtẹ̀gùn, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí fíríìjì, ó tì í, kò mú nǹkan kan. Ó dá a lójú pé àárò Bọ̀ọ̀dá Fúnṣọ́ ń sọ Dádì, agídí ni kò jẹ́ kó sọ ọ́. Bí wọ́n bá sáà ti fojú kan ara wọn, ọ̀rọ̀ á tán. Ó gbé fóònù rẹ̀.

"Dádì ní kí ẹ máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Wọ́n ti dárí jì yín."

Èsì yára dé. "Ṣé ẹnu wọn lo ti gbọ́ ọ?"

Ó tẹ èsì padà: "Ẹnu wọn ni."

Ẹ wo ọmọ yìí o. Ó fi ẹnu onílé pe àlejò, onílé ò sì mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì bá dún ni ọrùn rẹ̀ ń yí. Fúnṣọ́ wọlé nígbà tó yá. Bùbá funfun tí bàbá rẹ̀ rà fún un ló wọ̀, ó ti lọ̀ ọ́ dáadáa, inú rẹ̀ sì ń dùn. Bí ìdílé wọn ṣe ń jó bọ̀ níwájú pẹpẹ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú bàbá rẹ̀.

"Ẹ ṣé tí ẹ pè mí wálé, Dádì."

"Ta ló pè ọ́?"

Bàbá ò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló burú jù. Fúnṣọ́ gbójú sókè, ó wo bàbá rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀. Dùnsìn ti dorí kodò. Ọmọkùnrin náà dìde, ó gbọn orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, ó sì jáde. Nígbà tí wọ́n fi máa pe Dùnsìn fún àkọ́sórí, òun náà ti sáré tẹ̀ lé e dé ibùdókọ̀.

"Èmi purọ́ fún Dádì, wọ́n lé mi," Fúnṣọ́ wí, kò wojú rẹ̀. "Ìwọ wá purọ́ fún mi, o tún dójú tì mí níwájú gbogbo ìjọ." Bọ́ọ̀sì dé, ó wọ̀ ọ́ lọ. Ó sì pa fóònù rẹ̀.

Nílé lọ́sàn-án, Dùnsìn kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá Oyèmọ́lá, àgbà obìnrin ìjọ tó tẹ̀ lé wọn wálé, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ohun tó dára lo fẹ́, irọ́ lo fi wá a. Nínú ìwé Jeremáyà yẹn náà, wòlíì kan wà tó ń jẹ́ Hananáyà. Ó ṣèlérí pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú máa tètè padà wálé. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò rán an. Ọmọ mi, ẹni tó bá gba irú ìlérí bẹ́ẹ̀ gbọ́ ló máa ń fara gbọgbẹ́."

Dùnsìn ń sunkún. Màmá yíjú sí bàbá.

"Akíndèjì, ìwọ náà, kí lò ń dúró dè?"

"Kó wá àgbà tó máa bá a bẹ̀ mí, mà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ọlọ́run tó fọ́n Ísírẹ́lì ká ńkọ́? Àgbà wo ló dúró dè kó tó ṣèlérí pé òun á kó wọn wálé? Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún tìẹ dà?"

Bàbá dìde, ó jókòó, ó tún dìde lọ sójú fèrèsé. Dùnsìn wá rí ẹni tí òun ti jogún àìlèjókòó. Nígbà tó ṣe, bàbá mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Wọ bàtà. O máa fi ilé náà hàn mí."

Òjò wínníwínní ń rọ̀ ní Eccles nígbà tí Dùnsìn kan ilẹ̀kùn.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣílẹ̀kùn. Dádì wà níbí."

"Dùnsìn, jọ̀ọ́, máa lọ. Irọ́ náà ti tó."

"Wọ́n wà níbí lóòótọ́."

Ilẹ̀kùn ò ṣí. Òtítọ́ ni Dùnsìn ń sọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n irọ́ àná ti ba ẹnu rẹ̀ jẹ́. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rù ń bà á pé òun ti tú ilé àwọn ká pátápátá. Bàbá bá sún mọ́ ilẹ̀kùn.

"Àlàó."

Oríkì ọmọ náà nìyẹn. Kò pè é láti ọjọ́ tó ti lé e jáde.

"Àlàó, èmi ni. Ẹnikẹ́ni ò bá ọ bẹ̀ mí. Èmi fúnra mi ni mo wá mú ọ wálé."

Kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn. Fúnṣọ́ fẹ́ dọ̀bálẹ̀, bàbá rẹ̀ ò jẹ́ kó délẹ̀ tó fi fà á mọ́ra.

"A ṣì máa sọ̀rọ̀ yunifásítì yẹn o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n jọ wálé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí Fúnṣọ́ tó tún gba ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ gbọ́ láìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì. Dùnsìn ò bínú, ó mọ ohun tí òun ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àlàáfíà bá ń wù yín, ẹ má fi irọ́ wá a, ẹ má sì fi ẹnu ẹlòmíràn ṣèlérí. Ìlérí Ọlọ́run fún àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wá wọn délé.