Ológò Dé Bá Ọ̀gá Àbújá

"Èèyàn mélòó lo jẹ lówó?"

Abọ́dúnrìn dúró gbagidi nínú yàrá ara rẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó sórí àga rẹ̀ wọ kóòtù dúdú nínú oòrùn Ìlaró, ó sì ń ṣí fáìlì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Ojúọlá lorúkọ òun, pé Àbújá ló rán òun wá. Ọdún mẹ́ta ni Abọ́dúnrìn ti ń wá iṣẹ́ atọ́jú-kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù ní ọ́fíìsì aláàbò ibodè. Wọ́n ti sọ fún un pé wọn yóò wádìí rẹ̀ dé yàrá, torí ajigbèsè ni àwọn onífàyàwọ́ máa ń fowó rà.

"Ọ̀gá mi, n kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó."

"Irọ́! Ọ̀kadà tó wà níta ńkọ́?"

Abọ́dúnrìn yíjú wo ọ̀kadà náà. Ta ló sọ fún Àbújá? Abọ́dúnrìn gọ̀ o! Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló fi rà á, tí kò sì san kọ́bọ̀ láti oṣù mẹ́rin.

"Iṣẹ́ ti bọ́. Àfi ká fọ fáìlì yìí." Ojúọlá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún."

Owó ewúrẹ́ méjì tó tà, tó fẹ́ fi dín gbèsè ọ̀kadà kù, wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó mú un wá. Ẹ gbọ́ ná: owó gbèsè ló fẹ́ fi ra ẹ̀rí pé òun kò jẹ gbèsè!

Owó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àpò kóòtù ni ohùn kan bú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ológò dé o! Mo gbé ẹní mi dání, n kò lọ títí n óò fi gbowó!"

Màmá Hùmúàní, olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ni. Bí ajigbèsè bá kọ etí dídi, á tẹ́ ẹní sílé rẹ̀, á jókòó tì í, á máa jẹ oúnjẹ rẹ̀, á máa ké orúkọ rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá.

Abọ́dúnrìn kò ronú. Ó rá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Orí rẹ̀ gbá orí mìíràn.

"Sún!" Ojúọlá ni.

"Ọ̀gá, kí lẹ̀yin ń sá fún?"

"Dákẹ́! Ológò ibo ni? Ti Agọ́sásà ni àbí ti Ìgbógilà?"

Ojú Abọ́dúnrìn là. Inú bí i, ẹ̀rín sì ń pa á.

"Màmá! Olè wà níbí o!"

Ojúọlá yọ jáde, ó bẹ́ sí fèrèsé, irin ni wọ́n fi dí i. Ó yí padà sí ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ẹní tí Màmá ti tẹ́, ó ṣubú. Ológò a máa jókòó ti ajigbèsè ni. Ẹ̀yìn eléyìí ni Màmá Hùmúàní jókòó lé gbàgà.

"Orúkọ rẹ gan-an?"

"Ọ̀ṣunníyì."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́nì kankan. Èmi náà wá iṣẹ́ yẹn lọ́dún tó kọjá. Mo fi gbèsè mi pamọ́, wọ́n lé mi. Ìbéèrè wọn ni mo ń lò. Ẹ dákun, ẹ dìde!"

"Èèyàn mélòó lo ti lù ní jìbìtì?"

"Mẹ́fà."

"N ò tíì dìde o."

"Mẹ́sàn-án! Mẹ́sàn-án ni, Màmá!"

Màmá yọ ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún náà nínú àpò kóòtù rẹ̀, ó ní ti ẹgbẹ́ ni. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ọlọ́pàá ti mú un lọ. Wọ́n bá owó àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán nínú garawa gaàrí nílé tó háyà, oníkálukú sì gba tirẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyáàfin Fadékẹ́mi, ọ̀gá gidi, pe Abọ́dúnrìn sí ọ́fíìsì.

"Èèyàn mélòó lo jẹ lówó?"

Ẹ̀rù pé iṣẹ́ náà lè bọ́ ba Abọ́dúnrìn gidi, ṣùgbọ́n ó ka gbogbo rẹ̀: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó ti san ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún fún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìwòyè, títí dórí igba náírà àkàrà.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Gbèsè tó wà lójútáyé kò bà wá lẹ́rù. Èyí téèyàn bá fi pamọ́ ni wọ́n fi ń mú un lẹ́rú. Wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ."

Ayọ̀ pọ̀ fún Abọ́dúnrìn débi pé ó gbàgbé láti dúpẹ́. Ó sáré lọ bá alákàrà, ó san igba náírà rẹ̀, ó sì ra ti irinwó láwìn.