Ìbéèrè Tó Kàn

Orí pátákó ni olùkọ́ wọn lẹ àwọn àkọlé iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n máa fi kẹ́kọ̀ọ́ jáde mọ́ lọ́jọ́ náà, ó ní kí kálukú lọ kọ orúkọ sábẹ́ èyí tó bá wù ú. Ẹni méjì ni yóò pín iṣẹ́ kan ṣe. Kí ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ tó dé, wọ́n ti mú gbogbo rẹ̀ tán. Àyè kan ṣoṣo ló kù, lábẹ́ àkọlé tó sọ pé: "Ipa tí Ilé Eré ń kó nínú àṣà àti ìhùwàsí àwọn ará ìlú wa."

Jẹ́jẹ́ dúró níwájú pátákó náà, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò sí òmíràn?"

"Ẹni tó pẹ́ dé ìdí ọbẹ̀, egungun ló máa bá," ni olùkọ́ dá a lóhùn. "Kọ orúkọ rẹ, ọmọ mi. Ẹni tí ẹ jọ máa ṣe é kì í ṣe ọ̀lẹ. Àléébù rẹ̀ kò ju pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ ẹni tó ń bá wí. Kílódé ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin náà, torí kò sí ohun tí ojú rẹ̀ rí tí kì í béèrè ìdí rẹ̀. Ó dìde, ó na bírò rẹ̀ sí Jẹ́jẹ́.

"Kí ló dé tí o kò fẹ́ Ilé Eré?"

"O ò tiẹ̀ kí mi ná."

"Ẹ káàárọ̀ mà." Ó tẹrí ba bíi pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ló dúró níwájú rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ kò fẹ́ Ilé Eré?"

Jẹ́jẹ́ kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé Eré ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù tí gbogbo ìlú ń wò. Ohun tí wọ́n bá fi hàn ní ìrọ̀lẹ́, ẹnu àwọn èèyàn lo máa tún ti bá a ní àárọ̀. Bí ọmọ bá ṣàfojúdi, gbólóhùn inú fíìmù ni ìyá rẹ̀ máa fi bá a wí. Bí tọkọtaya bá ń jà, ọkọ á lọ dúró lójú fèrèsé, á kẹ́yìn sí ìyàwó rẹ̀, bí àwọn ọkọ inú fíìmù ṣe ń ṣe.

Òfin kan ṣoṣo ni olùkọ́ fún wọn. Ó ní ẹni tó ń ṣèwádìí kì í bá ẹni tó ń dáhùn jiyàn. "Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ kọ. Bí wọ́n bá ní òṣùpá làwọn jẹ sùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì lọ sórí ìbéèrè tó kàn."

Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé. Kílódé ń béèrè, Jẹ́jẹ́ ń kọ. Onígbàjámọ̀ kan sọ fún wọn pé inú fíìmù lòun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ ìyàwó, pé òun wólẹ̀ gbalaja níwájú tòun.

"Ṣé wọ́n gbà?" ni Kílódé bi í.

"Ó ní kí n dìde, pé ta ló máa fọ ṣòkòtò yẹn."

Bí wọ́n ṣe jáde, ẹ̀rín kò jẹ́ kí Jẹ́jẹ́ lè rìn, ó fi ọwọ́ di èjìká Kílódé mú. Kò sì tètè gbé ọwọ́ náà kúrò.

Lórí àga gbọọrọ tó wà níwájú ilé ìkàwé ni Kílódé ti sọ ọ́. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Ṣé ìbéèrè nìyẹn?"

"Rárá o. Èyí nìkan ni mi ò béèrè ìdí rẹ̀ rí."

Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀ títí. Ó fẹ́ràn ọmọkùnrin náà dé ibi tí ẹ̀rù fi ń bà á. "Wá rí ìyá mi ná," ló wí. "Bí o bá rí wọn, tí o ṣì lè tún un sọ, n óò dá ẹ lóhùn."

Nígbà tí ilẹ̀kùn ilé wọn ṣí, ẹsẹ̀ Kílódé kọ̀, kò lè wọlé. Ó mọ ojú tó rí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nílùú. Màmá Ìkà ni, obìnrin tó ń ti ọmọ ọlọ́mọ síta sínú òjò nínú fíìmù, tó ń fi oúnjẹ du ọmọ òrukàn, tí àwọn èèyàn ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ wọn.

"Wọlé, ọkọ mi," ni obìnrin náà wí. "Mi ò tíì pa ẹnikẹ́ni láti àárọ̀."

Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó gbé àga fún un, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láìsí ìráhùn. Nígbà tí bàbá Jẹ́jẹ́ kú, Ilé Eré nìkan ló fún un níṣẹ́. Wọ́n ní ojú rẹ̀ le, ó máa bá ipa ìyàwó bàbá tó burú mu. Láti ìgbà náà, kò sí ipa mìíràn tí wọ́n tún fún un.

"Àwọn ìyá kan kì í jẹ́ kí ọmọ wọn gba bisikíìtì lọ́wọ́ mi," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó yé mi. Eré náà dára jù ni."

Jẹ́jẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ń sin Kílódé jáde, Kílódé tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lẹ́nu ọ̀nà, pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi lé sójú ọmọbìnrin náà.

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ. Kí n tó fẹsẹ̀ tẹ ilé yín, sọ ẹni tó bí mi fún ìyá rẹ. Má jẹ́ kí n jókòó síwájú wọn bí olè."

"Mo gbọ́, ìfẹ́ mi."

Tọkàntọkàn ló fi wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyàwó bàbá ni ìyá Kílódé ti dàgbà, ìyà tó jẹ níbẹ̀ kò sì tíì tán lára rẹ̀. Bí Màmá Ìkà bá ti yọ nínú tẹlifíṣàn, á pa tẹlifíṣàn náà. Gbogbo ìgbà tí Kílódé bá la ẹnu, ìyá rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn, inú Kílódé á sì dùn pé ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó wá rò ó pé kí ìyá òun kọ́kọ́ rí ọmọ náà. Bó bá ti fẹ́ràn rẹ̀ tán, ìyókù á rọrùn.

Iṣẹ́ ìwádìí náà fún un láyè. Wọ́n ń wá àwọn obìnrin tó máa ń wo fíìmù déédéé, aránṣọ sì ni ìyá rẹ̀, ìdí ẹ̀rọ ló ti ń wò ó.

"Ṣé o ti sọ fún wọn?" ni Jẹ́jẹ́ bi í.

"Má dààmú, ayanfẹ́ mi. Gbogbo rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ mi."

Jẹ́jẹ́ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ló wí.

Yàrá ìránṣọ náà kún fún ègé aṣọ. Ìyá Kílódé fi okùn ìwọn kọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín kí wọn káàbọ̀. Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Ta ló rán aṣọ yìí fún ẹ? Ó rán an dáadáa, apá rẹ̀ ni kò bára mu. Jókòó. Ó hàn pé ìyá rẹ tọ́ ẹ."

Ojú Jẹ́jẹ́ tàn. Ó rò pé wọ́n mọ̀.

Kílódé béèrè ìbéèrè kan, ó béèrè òmíràn. Ìyá rẹ̀ ń dáhùn, ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó yá, ó kan ìbéèrè tó ní, "Òṣèré Ilé Eré wo ni ẹ kò lè gbàgbé?"

"Màmá Ìkà ni," ni ìyá náà wí, ẹ̀fẹ̀ sì kúrò lójú rẹ̀. "Bí mo bá pàdé obìnrin yẹn lọ́nà, ẹ̀gbẹ́ kejì ni n óò gbà. Ẹ má sọ fún mi pé eré ni. Ohun tí kò bá sí nínú èèyàn, kò lè yọ lójú rẹ̀. Mo mọ irú ojú yẹn, èmi àti ẹ̀ jọ gbé nílé bàbá mi. Wọ́n ní ó bímọ. Ọlọ́run má jẹ́ kí tèmi mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wálé. Ohun tí ejò bá bí, ejò náà ni."

Bírò Jẹ́jẹ́ dúró. Ó gbé ojú sókè, ó wo Kílódé. Kò bínú, ó kàn ń dúró dè é ni.

Kílódé mọ ohun tó ń dúró dè. Gbólóhùn kan péré ló tó, pé, "Màmá, ọmọ wọn nìyí, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀." Ó la ẹnu. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó rí i bó ṣe ń gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ sọ sí i lọ́kàn pé a kì í bá ẹni tó ń dáhùn jiyàn, ó sì sá sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí òjò ká mọ́ ìta. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Ìbéèrè tó kàn," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni ẹ máa ń wo fíìmù?"

Jẹ́jẹ́ tẹrí ba, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kò fo ọ̀rọ̀ ejò.

Nígbà tí wọ́n jáde, Jẹ́jẹ́ yíjú sí i.

"O ní gbogbo rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ."

"Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ ni."

"Wọ́n ti fẹ́ràn mi. Wọ́n ní ìyá mi tọ́ mi. Ibẹ̀ ló yẹ kí o ti sọ̀rọ̀."

"Olùkọ́ ní ká má ṣe—"

"Mo mọ ohun tí olùkọ́ ní." Ohùn rẹ̀ kò le. "Láti kékeré ni wọ́n ti ń bú ìyá mi lójú mi. Mo ti ń wá ẹnì kan ṣoṣo tó máa sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé mo ti rí i."

Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n parí iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ wọn ló gbégbá orókè. Olùkọ́ ka ọ̀rọ̀ aránṣọ kan sétí gbogbo kíláàsì, ó ní òun ló dára jù lọ nínú rẹ̀. "Ẹ wo bí wọn kò ṣe dá a lẹ́nu kọ́. Bí olùṣèwádìí ṣe ń ṣe nìyẹn." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kílódé kò lè gbójú sókè.

Ọjọ́ náà ló délé tó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Ọmọ wo? Èyí tó kúnlẹ̀ kí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Òun ló ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́?"

"Òun ni."

"Ìwọ náà jókòó síbẹ̀?"

Ìyá rẹ̀ bọ́ okùn ìwọn lọ́rùn. "Dìde. Mú mi lọ síbẹ̀."

Nígbà tí ìyá Jẹ́jẹ́ ṣílẹ̀kùn, ìyá Kílódé fà sẹ́yìn, ara rẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọkàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú sí mi. Ẹlòmíràn ni mo fi yín pè."

"Ta ni?"

"Ìyàwó bàbá mi."

"Ẹ wọlé, ẹ wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi," ni ìyá Jẹ́jẹ́ wí. "Ká ní mo mọ̀ ọ́n ni, bóyá eré mi ì bá tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìyá Kílódé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Obìnrin tó ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá ló gbá a mọ́ra.

Jẹ́jẹ́ ń di ẹrù nínú yàrá, ó ti ríṣẹ́ olùkọ́ sí ìlú tó jìnnà. Ìyá Kílódé fẹ́ kúnlẹ̀ fún un, Jẹ́jẹ́ tètè gbé e dìde. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Mi ò bínú sí yín."

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, Kílódé ní, "Mo bẹ̀ ẹ́, olólùfẹ́ mi. Wọ́n ti mọ̀ báyìí. Kí ló tún kù?"

"Wọn kò mọ̀ nígbà yẹn. Ìwọ mọ̀."

"Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́. Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ pàápàá." Ó pa àpótí dé. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn ń bọ̀ tí ẹlòmíràn máa tún sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ máa wo ojú ọkọ mi kí n tó mọ̀ bóyá ó máa sọ̀rọ̀."

Ó lọ. Àwọn ìyá méjèèjì wá di ọ̀rẹ́ tí wọn kò lè ṣe láìrí ara wọn. Ìyá Jẹ́jẹ́ á wá jókòó sí yàrá ìránṣọ, wọ́n á jọ máa wo fíìmù, wọ́n á jọ máa bú Màmá Ìkà. Ẹnu wọn ni Kílódé ti ń gbọ́ ìròyìn ọmọbìnrin náà. Ibẹ̀ náà ló ti gbọ́ pé ó fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́hùn-ún.

Ìyá Kílódé ló rán aṣọ ìyàwó. Ó ní ọwọ́ ẹlòmíràn kò ní í kàn án. Lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, ó ní kí Kílódé bá òun gbé e dé ibùdókọ̀, kí ọkọ̀ gbé e lọ bá Jẹ́jẹ́.

Kílódé gbé e sórí apá méjèèjì. Aṣọ náà fúyẹ́ ju bó ṣe rò lọ. Ìyá rẹ̀ ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ títí wọ́n fi dé ojú títì.

"Gbé e sókè díẹ̀, ọmọ mi," ni ìyá náà rọra wí, "kí etí rẹ̀ má wọ́lẹ̀."

Ó sì gbé e sókè.