Yanrìn Inú Ìbọ̀sẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́ tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa bi òun.

Obìnrin kan ló ń tọ́jú ẹja ní ilé ìwòsàn eléyín. Ọ̀dọ́ ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìn. Olójú kan sì ni ẹni tó bí ọmọ kan, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Kò rí ẹni gbé e tì, ẹ̀yìn ló fi ń pọ̀n ọ́n lọ síbi iṣẹ́.

Níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà ni àpótí gíláàsì ńlá wà, yanrìn funfun nílẹ̀ rẹ̀, ẹja méje nínú rẹ̀. Omi á máa gba inú rọ́bà ṣàn sínú àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀, pọ́ńpù á sì máa fà á padà sókè. Bí pọ́ńpù bá dákẹ́, ẹja á kú. Yanrìn ló sì ń pa pọ́ńpù.

Pọ́ńpù méjì ti bàjẹ́ láàárín oṣù kan. Dókítà ò pariwo.

"Ẹ̀kẹta rèé. Tó bá lọ, kí ìwọ náà tẹ̀lé e."

Obìnrin náà sáré lọ bá Bàbá Ẹlẹ́ja, àgbàlagbà tó kọ́ ọ níṣẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Àwọn ẹja yẹn ló ń walẹ̀ bí òkété. So ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ẹnu rọ́bà nísàlẹ̀. Omi á jò kọjá, yanrìn á kù sínú ẹ̀."

"Ìbọ̀sẹ̀ ta ni, Bàbá?"

"Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá rùn. Má fi tọkọ ẹ ṣe o, àwọn ẹja ò ṣẹ̀ yín."

Ìbọ̀sẹ̀ àgbà fẹ̀ ju ẹnu rọ́bà lọ. Ó bọ́ ti ẹsẹ̀ òsì ọmọ rẹ̀, ó fi okùn so ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìbọ̀sẹ̀ ti kún. Pọ́ńpù ń kùn jẹ́jẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó tú u, ó da yanrìn inú rẹ̀ sórí páálí.

Yanrìn náà ò tú ká. Ó dúró bí ẹsẹ̀. Gìgísẹ̀ wà níbẹ̀. Ìka márùn-ún wà níbẹ̀, ìka tí ìbọ̀sẹ̀ ò ní. Ó fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ omi àpótí tutù.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wó o palẹ̀. Ó ní oorun ló ń ṣe òun.

Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ò tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀. Ó jókòó, ó nà án síwájú bí igi. Ẹsẹ̀ náà tutù.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

"Eyín ni mo kọ́," ó wí, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wò. "Kò dá, kò wú. Ó kàn tutù ni."

Ìyá ju ìbọ̀sẹ̀ nù, ó fi àkísà rọ́pò rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ kékeré kan náà ló bá nínú àkísà. Ó ti ní èékánná. Òtútù ara ọmọ sì ti gun orúnkún.

Ó dúró níwájú àpótí, ó ń rò ó. Ohunkóhun tó bá gba yanrìn dúró, ẹsẹ̀ yẹn ló máa gbà dúró. Tí kò bá sì sí nǹkan kan níbẹ̀, pọ́ńpù á lọ, iṣẹ́ á lọ.

"Iṣẹ́ ò tó ọmọ," ó sọ fún ara rẹ̀. Ó tú àkísà dànù.

Kíkùn pọ́ńpù yí padà. Ó ń payín keke. Ó fà, ó há. Ó dákẹ́.

Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ti wá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ dídán. Méjì, méjì. Ọmọ ń rìn bọ̀.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹja méje ti léfòó. Dókítà nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Bàbá Ẹlẹ́ja wá sílé obìnrin náà lọ́sàn-án. Ọmọ ń sùn lórí ẹní. Bàbá ò ṣàwàdà.

"Ẹsẹ̀ òsì ọmọ tí o sọ fún mi nígbà yẹn ńkọ́?"

"Ó ti yá, Bàbá. Ó ń sáré kiri."

Bàbá mirí. "Wọ́n pè mí pé kí n wá gbé àpótí yẹn kúrò. Omi ẹ̀ ti gbẹ tipẹ́. Ìdérí wà lórí ẹ̀, wọ́n tì í pa. Yanrìn nìkan ló kù. Nǹkan kan ń rìn nínú ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló kún ibẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì nìkan."

Obìnrin náà sún mọ́ ẹní.

Bàbá yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lápò, bí àwọn ìyá ṣe máa ń ṣẹ́ ẹ láti fi wọn ẹsẹ̀ ọmọ kí wọ́n tó lọ ra bàtà.

"Mo wọn ojú ẹsẹ̀ yẹn láàárọ̀ yìí. Jẹ́ kí n wò ó."

Ó kúnlẹ̀. Ó na ìgbálẹ̀ náà sí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, láti gìgísẹ̀ dé àtàǹpàkò. Ìgbálẹ̀ náà fi bí ìbú èékánná kan gùn ju ẹsẹ̀ ọmọ lọ.

"Mo rò pé wọ́n á dọ́gba ni," ó wí. "Tọ̀hún ló ṣáájú."

Ìyá fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó dì í mú láti orí aṣọ. Bàbá jáde lọ, ìyá ò mọ̀. Ó ṣì dì í mú nígbà tí ọmọ jí, tó ń jà fitafita láti dìde kó rìn.