Àánú Tó Pa Ewúrẹ́ Nasiran

Inú Nasiran dùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó fún wàrà Bhuri, ewúrẹ́ rẹ̀, ó sì sè é fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún kan tí kò ní ìyá mọ́. Nínú gbogbo agbo, Bhuri nìkan ló ṣì ní wàrà.

Aràn inú ló ń fa ẹ̀jẹ̀ àwọn ewúrẹ́ ní aṣálẹ̀ Cholistan tí wọ́n ń gbé lọ́dún náà, oògùn ilé ìtajà ò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n mọ́. Ìdí nìyẹn tí Rubab, dókítà ẹran, fi wá dán omi èso dóńgóyárò wò. Ó so òwú pupa mọ́ ọrùn márùn-ún nínú ewúrẹ́ Nasiran, ó ń wọn oògùn náà fún wọn. Ó so òwú funfun mọ́ márùn-ún yòókù, Bhuri wà lára wọn. Omi lásán ni tiwọn.

Nasiran béèrè pé, "Dókítà, ẹ ò ṣe fún gbogbo wọn?"

"Màmá, tí gbogbo wọn bá mu ún, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá oògùn ló ṣiṣẹ́ àbí ara wọn ló kàn yá? Ẹ máa ṣí ìpéǹpéjú wọn wò. Tí inú ẹ̀ bá ń funfun, ẹ̀jẹ̀ ń tán nìyẹn. Ẹ pè mí kíá, mo ní oògùn mìíràn."

Ṣùgbọ́n nílé Nasiran, ta ló ń bọ́ ẹnì kan kí èkejì máa wòran? Ní ọjọ́ kẹfà, ìpéǹpéjú Bhuri funfun báláú. Kò pe dókítà o. Ó se ewé tábà bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe, kò wọ̀n ọ́n, ó sì rọ ọ́ sí ẹnu gbogbo olówùú funfun, kí ó má baà ṣe ojúsàájú.

Kò pẹ́ tí Bhuri fi ń gbọ̀n. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ṣubú.

"Kí lo fún un?" Wasaya, ọkọ Nasiran, pariwo.

"Tábà ni."

"Tábà líle tí mò ń mu yẹn? Yéè! Nasiran, o ti pa á!"

Bhuri kú lóòótọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀; àwọn mẹ́rin yòókù là á já. Wasaya ní kí wọ́n sọ pé aràn ló pa á.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá, dókítà ka ẹyin aràn inú ìgbẹ́ àwọn tó kù. Iye wọn ti wálẹ̀ lára olówùú funfun bíi ti olówùú pupa. Ó ní, "Dóńgóyárò ò ṣe nǹkan kan nìyẹn. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn."

Wasaya ṣẹ́jú sí ìyàwó rẹ̀. Nasiran bú sẹ́kún. "Ẹ má kọ ọ́, dókítà. Èmi ni mo fún wọn ní tábà. Èmi ni mo pa Bhuri."

Dókítà ní, "Màmá, ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ dákẹ́ ni, irọ́ ni ǹ bá kọ, àwọn abúlé mìíràn ì bá sì ju oògùn tó ṣeé ṣe kó wúlò nù. A máa tún ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀."

Ní báyìí, àràárọ̀ ni Nasiran ń rìn lọ tọrọ wàrà lágboolé ẹlòmíràn. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹran, ẹ gbọ́. Ewé lágbára, agbára yẹn sì lè pani. Ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ gbé ìgbẹ́ ẹran yín lọ fún dókítà kó yẹ̀ ẹ́ wò. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ, nítorí ẹran ẹlòmíràn ni yóò mu ohun tẹ́ ẹ fi pamọ́.