Ìgò Kan Nínú Yàrá Òtútù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ìyèbíyè, omi ni ó gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹja wa ní Plumstead, ní London. Oṣù kẹfà ni. Ooru mú débi pé yìnyín tí a tẹ́ ẹja lé ń yọ́ kí a tó dà á tán. Èmi ni mo ń bójú tó yàrá òtútù, èmi náà ni mo ń wa ọkọ̀ tó ń gbé ẹja.

"Please, ṣé o ní àyè nínú yàrá òtútù? Fíríjì ibi iṣẹ́ wa ti bàjẹ́."

"Ta ni o ń pè ní 'o'? Mo jù ọ́ lọ."

"Ẹ má bínú. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí."

Ìgò mẹ́rìnlélógún ló wà nínú àpótí tí ó gbé. Mo bi í pé kí ni.

"Omi òkun ni, láti ẹ̀bá yìnyín ní ìsàlẹ̀ ayé."

"Àbúrò, ẹja là ń tà níbí. Mi ò lè fi àyè ṣòfò nítorí omi."

"Kì í ṣe omi lásán. Bakitéríà wà nínú rẹ̀, ohun abẹ̀mí tí ojú ò lè rí. Òtútù ni wọ́n mọ̀. Bí ooru yìí bá bá wọn di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti kú, iṣẹ́ ọdún méjì mi sì ti kú pẹ̀lú wọn."

"Báwo ni òtútù náà ṣe gbọ́dọ̀ tó?"

"Dígírì kan. Kó má móoru jù bẹ́ẹ̀, kó má sì di yìnyín."

Mo gba àpótí náà. Mi ò lè dúró kí nǹkan máa bàjẹ́ lójú mi. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, mo wo bí òtútù ṣe tó, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan.

Ní ọjọ́ kejì, ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ta ló kọ́ yín ní èyí?"

"Lẹ́tà ni. Ilé ìwé tí mo lọ, Èkó ni wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, èmi á dáhùn, màá fi ránṣẹ́ padà. Ohun tí o kò bá kọ sílẹ̀, o kò ṣe é."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ̀ mí lára, mi ò ní purọ́.

Ó kó ìgò mẹ́tàlélógún lọ. Ìdérí ọ̀kan ti ṣí díẹ̀ lọ́nà. Ó ní kò wúlò mọ́, kí n dà á nù. Mi ò dà á nù.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo Sátidé, a máa ń rìn létí odò láti Woolwich títí dé Thamesmead. Ó máa ń sọ̀rọ̀ àwọn bakitéríà rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àwọn ẹbí.

"Nígbà òtútù wọn, oòrùn kì í yọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Oúnjẹ á tán nínú omi. Wọ́n á rọra máa wà. Tí oòrùn bá padà, tí yìnyín bá ń yọ́, wọ́n á pọ̀ lójijì."

"Wọn kì í kú?"

"Púpọ̀ ń kú, olólùfẹ́ mi. Àwọn kan ń dúró. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni àwọn tí yóò ṣẹ́ kù bí òkun náà bá ń móoru sí i, tí omi yìnyín sì ń dín iyọ̀ rẹ̀ kù."

Nínú oṣù kẹsàn-án ni wọ́n yàn án níbi iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó lọ sí òkun náà fún oṣù mẹ́rìnlá. Oṣù kọkànlá ni yóò gbéra. Ó dùn mí. Mo ní kí a ṣègbéyàwó kí ó tó lọ.

A lọ bá ìyá rẹ̀ ní Thamesmead North lẹ́yìn ìsìn. Mummy ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé wọn. Ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan kan.

"Gbádégẹṣin, mi ò kórìíra rẹ," ni ó wí. "Oyún ọmọ yìí ni mo gbé wá sí London. Bàbá rẹ̀ ní òun á dúró dè mí fún oṣù mẹ́sàn-án péré. Ní oṣù kẹrin, obìnrin mìíràn ti ń se ọbẹ̀ nínú ìkòkò mi. Kí ó lọ, kí ó dé. Bí o bá ṣì wà níbẹ̀, màá gbàdúrà fún yín."

Ìyèbíyè kò ní fẹ́ mi láìsí àdúrà ìyá rẹ̀. Nígbà tí a jáde, ó ní òun kò ní lọ mọ́.

"Gbogbo ìwé tí o kà? Ìfiṣòfò nìyẹn."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n dúró ni?" Láti ìgbà tí a ti ń fẹ́ra, tí inú bá ń bí i nìkan ni ó máa ń pè mí ní 'ẹ'.

"Mo fẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Lọ."

Kò pè mí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Mummy wọlé sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo wà nínú yàrá òtútù, ìwé wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ káàárọ̀, Mummy."

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Ọmọ mi ò sùn, kò jẹun, ó fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Tú u sílẹ̀ kí ó lọ." Ó tọ́ka sí ìwé ọwọ́ mi. "Kí ni o ń kọ?"

Mo fi ìgò náà hàn án. "Ó ní kí n dà á nù ní oṣù kẹfà. Mo ń wo bí òtútù rẹ̀ ṣe tó lójoojúmọ́, bóyá àwọn kan ṣì wà láàyè nínú rẹ̀."

"Ìwọ tí ò ń ta orí ẹja, o kò jẹ́ kó ṣòfò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó gba ìwé náà, ó ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ọjọ́. Lórí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ, ìka rẹ̀ dúró. "Kò sí nǹkan níbí."

"Ara mi ò yá lọ́jọ́ náà, mi ò wá. Mi ò lè kọ ohun tí mi ò rí."

"Dígírì kan ni gbogbo ọjọ́ yòókù. Ta ni ì bá mọ̀ tí o bá kọ ọ́ síbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni, mà."

Ó wo àyè òfìfo yẹn pẹ́ títí. "Lẹ́tà tí bàbá Ìyèbíyè ń kọ sí mi," ni ó wí, "kò sí àyè òfìfo kankan nínú rẹ̀, irọ́ sì ni." Ó pa ìwé náà dé, ó dá a padà fún mi. "Lọ pe ìyàwó rẹ. Kí o sì wé ẹja méjì fún mi, kí n má fi owó bọ́ọ̀sì ṣòfò."

Wọ́n so wá pọ̀ ní Woolwich ní ọjọ́ Ẹtì kan, Mummy gbé ọwọ́ lé wa lórí. Ní ọjọ́ Ajé, Ìyèbíyè lọ.

Láti ìgbà tí ó ti dé ibẹ̀, ó ń fi bí òtútù òkun wọn ṣe tó ránṣẹ́ lórí fóònù, mo sì ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Ní ọjọ́ kan, kò sí ọ̀rọ̀. Mo kọ ti ìgò mi, mi ò kọ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé: "Ìjì jà lánàá, olówó orí mi, a ò lè dé etí omi. Má kọ nǹkan síbẹ̀."

Mo dá a lóhùn pé, "Mo ti fi àyè rẹ sílẹ̀."