Kọmándò Tí Kò Gbé Ọwọ́ Sókè

Kọmándò ni Adégbìtẹ́, Sájà ni wọ́n sì ń pè é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Kabong ní Jos ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, ilé ọlọ́tí ní Jenta Adamu di bárékè rẹ̀.

Bí bùrùkùtù, ọtí ọkà bàbà, bá ti wọ̀ ọ́ lára, ìtàn ogun ló kù. Yóò sọ ti àwọn Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣíwájú ogun Aláàfin, tí ọgbẹ́ ẹ̀yìn jẹ́ èèwọ̀ fún. Yóò sọ ti àwọn ọmọ ogun obìnrin Dàhòmì tó gun odi Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn náà ni yóò lu àyà.

"Irú wọn lèmi. A kì í gbé ọwọ́ sókè fún ẹnikẹ́ni."

Dáníẹ́lì, àgbẹ̀ onígbàgbọ́ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, a máa bi í pé, "Fún Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ìwọ tó ń fi orúnkún rìn! Lọ bomi rin tòmátì rẹ."

Ṣùgbọ́n ọtí ti de kọmándò. Ó búra títí, kò lè fi í sílẹ̀. Ońdè, oògùn tó so mọ́ ìbàdí, kò sì lè gbà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mu yó, ó gba etí oko Dáníẹ́lì kọjá, níbi ihò olómi tí àwọn awakùsà àtijọ́ fi sílẹ̀. Etí ihò já, ó sì bọ́ sínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ gbé e mì dé ìbàdí. Bí ó ti ń jà ni ó ń rì.

Dáníẹ́lì gbọ́ igbe, ó sáré dé, ó ju okùn olójóbó sí i.

"Sájà! Gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí okùn lè wọ abẹ́ apá rẹ!"

Ọwọ́ kan ló jáde. Èkejì di ońdè mú nínú ẹrẹ̀.

"Fi ọ̀kan fà mí!"

"Yóò yọ̀! Haba, Sájà, ta lò ń bá jà?"

Ẹrẹ̀ kan ọrùn. Gbogbo ogun tó ti jà ló ní ọ̀nà àbáyọ. Èyí kò ní. Ó wá mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí òun ti wà nínú ọ̀gbun.

Ó jọ̀wọ́ ońdè. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Jésù, mo túúbá!"

Dáníẹ́lì àti àwọn tó ń roko nítòsí fà á jáde.

Ó dùbúlẹ̀ sórí koríko, ó ń sunkún. "Ṣé Ọlọ́run lè gba irú mi?"

"Irú wa ni Jésù wá fún."

Níbẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ọtí tó dè é sì tú u sílẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, kí ni o dì mú tí kò jẹ́ kí a gbà ọ́ là? Kristi kú fún ọ, ó sì jíǹde. Kò ní kí o kọ́kọ́ ṣẹ́gun ẹ̀ṣẹ̀ kí o tó wá. Ronúpìwàdà lónìí, ọ̀la kì í ṣe tìrẹ. Ibi tí o wà yìí gba ìkúnlẹ̀.